Onílé mẹ́ta ti dá mi padà ní Abẹ́òkúta, kí ni kí n kó dání lọ bá ìkẹrin?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 28 ni mí, ọkùnrin, mi ò tíì gbéyàwó. Ìlọrin ni mò ń gbé tẹ́lẹ̀, oṣù méjì rèé tí mo ti wá sí Abẹ́òkúta torí ìyá mi tí wọ́n ń tọ́jú ní Ìdí-Abà, ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Adátán ni mò ń sùn, inú pálọ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹní fún mi sí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì ló ń sanwó fún mi lóṣooṣù, inú ilé ni mo ti ń ṣe é. Owó ilé wà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ onílé mẹ́ta ti dá mi padà, ọ̀kan ní Asẹ́rò, méjì ní Ọbáńtokò, bí mo bá ti ní láptọ́ọ̀pù ni mo fi ń ṣiṣẹ́ báyìí ojú wọn á yí padà. Ìkẹrin wà ní Oníkólóbó, yàrá kan àti pálọ̀. Éjẹ́ǹtì ní àwa mẹ́rin la ń du ú, bàbá onílé fẹ́ rí wa lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ Sátidé, pé kí n lọ múra sílẹ̀. Kí ni kí n kó dání? Ṣé kí n kàn ní màá san ọdún méjì ni?

* * *

Àbúrò, fi ọ̀rọ̀ ọdún méjì sílẹ̀ ná, a máa padà síbẹ̀.

Kó o lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ń wá: mo ti yá ilé mẹ́ta nílùú yìí, ọ̀kan ní Camp nígbà tí mo wà ní yunifásítì FUNAAB, ọ̀kan ní Ẹlẹ́gà, ọ̀kan ní Ọbáńtokò. Ìyá mi sì ní ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ẹ kan ní Ìtokò, yàrá mẹ́jọ, láti 2016 tí ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n èmi ni mò ń bá wọn yan ẹni tó máa wọlé. Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé rí tí mò ń bẹ̀, èmi náà ni wọ́n sì ń wá bẹ̀ báyìí.

Ohun tí mo rí ni pé onílé ò wá ẹni tó lówó jù lọ. Nǹkan méjì ló ń bà á lẹ́rù. Ìkíní, ṣé owó ọdún tó ń bọ̀ máa wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ àbí òun á máa kan ilẹ̀kùn kiri. Ìkejì, ṣé ẹni yìí ò ní fa ọlọ́pàá wọ ọgbà òun. Tìẹ, ìkejì yẹn ló ń lé ẹ kiri. Ọmọkùnrin, kò gbéyàwó, kì í jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, owó òkèèrè, kò sí bí ọkàn onílé ò ṣe ní lọ sí Yahoo. Má bínú sí wọn jù, wọ́n ti rí ibi tí ọlọ́pàá ti já wọ ilé ẹlòmíì lóru tí wọ́n sì kó ẹni tó mọwọ́ mẹsẹ̀ àti ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Torí náà gbogbo ohun tó o bá kó dání gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí bàbá yẹn lè fi fóònù wádìí fúnra wọn. Ẹ̀rí tí ò ṣeé wádìí, ẹnu lásán ni.

Àpòòwé kan ṣoṣo ni o, má kó fáìlì ràgàjì lọ. Lẹ́tà iṣẹ́ ẹ láti Jámánì máa wà níbẹ̀, èyí tó dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, iṣẹ́ tó ò ń ṣe fún wọn, ọjọ́ tó o bẹ̀rẹ̀, àti ímeèlì ẹni tó gbà ẹ́ síṣẹ́. Bàbá lè má ráyè kà á tán, ọmọ wọn máa kà á fún wọn. Bó o bá ti forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, fi ìwé yẹn sí i. Lẹ́yìn náà ni ìwé owó orí, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí rárá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara ẹ̀ náà ń san owó orí, o lè lọ sí ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀ kí wọ́n ṣírò tìẹ fún ẹ, kó o san án, kó o gba rìsíìtì. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn tó ń wá ilé, ìwé yìí ló ń tètè rọ ọkàn àwọn àgbàlagbà lórí ọ̀rọ̀ Yahoo, torí olè kì í fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ fi orúkọ àti àdírẹ́sì sílẹ̀ níwájú ìjọba. Bí Sátidé bá ti sún mọ́ jù, lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kó o sì mú ohun tí wọ́n bá fún ẹ dání.

Fọ́tò pélébé méjì, ẹ̀dà NIN, orúkọ àti nọ́ńbà ẹni méjì tó máa dúró fún ẹ, ìyẹn ò ní àlàyé púpọ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù wá kù. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ onílé tó o kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ ní Ìlọrin, ìlà mẹ́rin péré: lágbájá gbé ilé mi láti ọdún báyìí dé ọdún báyìí, ó san owó ẹ̀ lásìkò, kò bá ará ilé jà, nọ́ńbà mi rèé. Bí ẹni mẹ́wàá bá wá sọ́dọ̀ wa ní Ìtokò tí ẹnì kan ṣoṣo mú irú lẹ́tà yẹn wá, mi ò ní wulẹ̀ pe àwọn mẹ́sàn-án yòókù. O ò sọ bó o ṣe kúrò ní ilé Ìlọrin yẹn nínú ọ̀rọ̀ ẹ. Báwo lo ṣe kúrò níbẹ̀?

* * *

Ẹnì kan ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ìwé kí ni mò ń pariwo ẹ̀, pé bàbá Ẹ̀gbá máa wò ẹ́ lójú ni, ó máa bi ẹ́ pé ọmọ ta ni ẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti máa tán, pé ìwé yìí wà fún àwọn tó ń gbé estate.

Mi ò ní jiyàn ìdajì ẹ̀. Òótọ́ ni pé ìkíni ń ṣiṣẹ́. Dọ̀bálẹ̀ o, dọ̀bálẹ̀ gidi, má tẹ̀ríba bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Lọ lọ́sàn-án, wọ aṣọ tó bo ara, tó bá jẹ́ irun dada lo gbé sórí o ò nílò kó o gé e àmọ́ dì í dáadáa, má bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ tí orin ń dún gbùúgbùú nínú ẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n ẹ ní Adátán bá lè tẹ̀ lé ẹ, ó dáa, torí ìyẹn ló máa dáhùn ọmọ ta ni ẹ́. Ọmọdé tó dá wá sọ́dọ̀ àgbàlagbà láti wá sọ̀rọ̀ ilé, ó máa ń dà bíi pé kò ní ẹni.

Ìdajì tó kù ni mi ò gbà. Bàbá á wò ẹ́ lójú, wọ́n á fẹ́ràn ẹ, bó o bá lọ tán ìyàwó wọn máa bi wọ́n pé, ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn yìí, ibo ló ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò sì ní rí nǹkan sọ. Ọmọ wọn tó wà ní Èkó máa pè lálẹ́, òun náà á béèrè. Àpòòwé yẹn ló máa jókòó sórí tábìlì máa bá ẹ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tó o ti lọ. Mo sọ èyí torí bó ṣe rí nílé wa nìyẹn, ìyá mi máa ń fẹ́ràn gbogbo ẹni tó bá kí wọn dáadáa, èmi ni mo máa ń béèrè nọ́ńbà.

* * *

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí onídùúró díẹ̀ torí àwọn mẹ́ta ti ń jà lé e lórí nísàlẹ̀. Ọ̀kan ní kó wá ọ̀gágun, ọ̀kan ní kó wá pásítọ̀ tàbí àlùfáà, ọ̀kan ní kò sí ohun tí onídùúró ń dá dúró, pé ṣebí owó lèèyàn san.

Ní 2011 tí mo ń wá ilé Ẹlẹ́gà, mo fi orúkọ àbúrò bàbá mi sílẹ̀, èèyàn ńlá, Èkó ni wọ́n wà. Onílé pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò gbé e, wọ́n kì í gbé nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀. Ẹlòmíì gba yàrá yẹn lójú mi. Nígbà tí yàrá kejì ṣí sílẹ̀ nínú ilé kan náà, mo fi nọ́ńbà ọ̀rẹ́ ìyá mi sílẹ̀, akọ̀wé lásán ni wọ́n ní Òkè-Mọ́sàn, wọ́n gbé e ní ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n ní ọmọ àwọn ni mí, pé ọ́fíìsì àwọn rèé, kí bàbá máa bọ̀ nígbàkígbà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo wọlé.

Torí náà wá ẹni tó ń gbé fóònù, tó ń gbé nínú Abẹ́òkúta, tó níbi iṣẹ́ tí wọ́n lè rìn dé. Tíṣà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìtòkú láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kó o sì sọ fún wọn kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì! Èèyàn á kàn fi nọ́ńbà ẹni sílẹ̀ láìsọ, onílé á pè, ẹni ọ̀hún á ní "lágbájá wo?", iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹni tó sọ pé onídùúró ò dá nǹkan kan dúró, kó lọ ka fọ́ọ̀mù ẹ̀ dáadáa. Àwọn fọ́ọ̀mù kan wà tó jẹ́ ìwà ẹ nìkan ni onídùúró ń jẹ́rìí sí, òmíràn wà tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bó ò bá san owó ilé, òun ló máa san án. Nǹkan méjì tó yàtọ̀ pátápátá ni. Má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ fọwọ́ sí èyí tí ò mọ̀.

* * *

Ọdún méjì wàyí.

Àwọn tó ń sọ pé owó ló ń sọ̀rọ̀ pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní tó o bá ti gbé ọdún méjì sílẹ̀, onílé á gbàgbé láptọ́ọ̀pù. Fún ẹni tó jẹ́ pé Yahoo ni wọ́n ń fura sí i, òdìkejì ẹ̀ ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún 28 tó kó owó ọdún méjì wá lójijì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè, o ti fọwọ́ ara ẹ ti ohun tí wọ́n ń rò lẹ́yìn nìyẹn.

Mo ti san ọdún méjì rí. Ọbáńtokò, 2013. Mo wò ó nígbà òjò, kànga kún dé ọrùn, onílé ní omi ò lè wọ́n ẹ láé. Ó di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, à ń fa òkúta jáde, lójoojúmọ́ ni mò ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà, kẹ́ẹ̀gì lórí kẹ́ẹ̀gì. Mi ò lè kó jáde torí owó mi ṣì wà nínú ilé, kò sí onílé tó máa dá oṣù 14 padà fún ẹ. Ká ní ọdún kan ni mo san, ǹ bá ti lọ.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa lọ wo ilé, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ omi lọ́wọ́ ayálégbé tó wà níbẹ̀, ẹ má béèrè lọ́wọ́ onílé. Ilẹ̀ wa yìí, òkúta ló pọ̀ nínú ẹ̀, kànga ẹnì kan lè kún kí ti ẹni kejì ògiri ẹ̀ gbẹ. Bẹ́ ẹ bá sì ń lọ sí ìsàlẹ̀ odò, ẹ wo ara ògiri dáadáa bóyá omi ti fa ìlà sí i. Àwa tá a wà níbí ní oṣù keje 2018 mọ ohun tí ọ̀gbàrá ṣe nínú ìlú yìí.)

Ẹlòmíì wá kọ ọ́ pé òfin ti kà á léèwọ̀ kí onílé gba ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Èkó ni òfin yẹn wà, òfin 2011 tiwọn ni, àwọn àdúgbò kan nínú Èkó gan-an kò sí lábẹ́ ẹ̀. Má lọ ka òfin Èkó sí bàbá onílé létí ní Oníkólóbó, wọ́n á kàn rí ẹ bí oníjàngbọ̀n. Ohun tó o lè sọ ni pé, "Ọdún kan ni màá san báyìí bàbá, tí ọdún bá ku oṣù kan kó pé, mo máa wá bá yín pẹ̀lú tọdún kejì." Kó o kọ ọ́ sílẹ̀ pàápàá. Mo gba ẹnì kan sílé wa lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì ṣe é fún ọdún mẹ́rin láìyẹ̀.

* * *

Obìnrin tó kọ̀wé ní òru àná, mo ka tìẹ náà. O ní nígbà tí wọ́n ní àwọn ò gba obìnrin tí ò lọ́kọ, o mú ọmọ iṣẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ lọ kí wọ́n lè rò pé ọkọ ẹ ni, pé o sì rí ilé gbà, kí àbúrò yìí náà wá ẹni tó máa ṣe bí ìyàwó ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Mo mọ bó ṣe ń dunni. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ fún mi ní 2013, onílé kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ kí ọkùnrin máa wọ́ wá sílé òun, èmi tí mi ò tíì jókòó. Mo sunkún délé. Kò tọ́, àwọn tó ń ṣe é ń jẹ̀bi, màá sì máa sọ ọ́ títí.

Àmọ́ wá gbọ́ bó ṣe ń rí lápá ibi tí mo wà báyìí. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn obìnrin kan mú ọkọ wá bá wa ní Ìtokò, èèyàn jẹ́jẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. A ò rí i mọ́ látọjọ́ náà. Oṣù kẹta, ìyá mi béèrè, ó ní ó wà ní Àbújá, oṣù kẹfà ó ní ó wà ní Pọ́tá, nígbà tó yá ó sọ òótọ́. Ayálégbé tó dáa ni obìnrin yìí o, owó ẹ̀ ò falẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá sọ, bó jẹ́ pé páìpù ló ní ó ń jò, ìyá mi á ní kí n lọ wò ó bóyá òótọ́ ni. Ó fi irọ́ kan ṣoṣo ba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ jẹ́ nínú ilé tó ń sanwó ẹ̀.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ní 2013 ni pé mo mú ẹ̀gbọ́n ìyá mi dání lọ sí ilé tó tẹ̀ lé e. Wọ́n bá ìyá onílé jókòó, wọ́n ní ọmọ àwọn rèé, ibi iṣẹ́ ẹ̀ rèé, bí ẹ bá rí ohun tí ò tẹ́ yín lọ́rùn èmi ni kẹ́ ẹ pè. Kò sí irọ́ nínú ẹ̀. Fún ìwọ àbúrò, ohun kan náà ni: sọ pé o ò tíì gbéyàwó, sọ pé ìyá ẹ tó ń gba ìtọ́jú lè máa wá sùn lọ́dọ̀ ẹ nígbà mííràn. Sọ iye èèyàn tó máa gbé níbẹ̀ kí wọ́n tó béèrè. Bó o bá ní jẹnẹrétọ̀, sọ ọ́, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé máa nílò iná lóru, ẹ jọ fẹnu kò síbi tó máa wà àti aago tó o máa pa á.



* * *

Lórí éjẹ́ǹtì. Ẹ ṣọ́ra fún owó fọ́ọ̀mù.

Nígbà kan a ní yàrá kan tó ṣófo, a ti bá ẹni tó máa wọlé sọ̀rọ̀ tán, ó ku kó kó ẹrù dé. Ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ pé éjẹ́ǹtì kan ti ta fọ́ọ̀mù yàrá yẹn fún èèyàn 11. Mọ́kànlá! Obìnrin kan lára wọn gbé ọmọ pọ̀n wá láti Òṣíẹ̀lẹ̀, ó dúró lẹ́nu géètì wa tó ń bi mí pé ìgbà wo làwọn máa yan ẹni. Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo gba owó náà. Torí náà kó o tó san owó fọ́ọ̀mù kankan, béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kó o fojú rí onílé tàbí kó o gbọ́ ohùn wọn. Tìẹ dáa, wọ́n ti fún ẹ ní Sátidé.

Bó o bá débẹ̀, bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ níta, béèrè ta ló ni ilé yìí gan-an, torí ilé bàbá tó ti kú tí àwọn ọmọ ń jà lé lórí pọ̀ ní Abẹ́òkúta, ẹ̀gbọ́n á gba owó, àbúrò á wá ti ilẹ̀kùn. Owó ilé, sínú àkáǹtì onílé ni kó lọ, kọmíṣọ̀n nìkan ni ti éjẹ́ǹtì.

Ẹ ṣírò gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Ká ní wọ́n ní 400,000 lọ́dún, kọmíṣọ̀n 10% jẹ́ 40,000, àgírímẹ́ǹtì 10% jẹ́ 40,000 míì, ká ní kọ́ṣọ̀n (owó tí onílé ń dì mú torí ohun tó lè bàjẹ́) jẹ́ 50,000, ó ti di 530,000 kó o tó ra kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá mú 400,000 nìkan lọ tó wá ń bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun lọ́sẹ̀ méjì, wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀ bó ti wù kí ìwé ẹ̀ dára tó. Owó kọ́ṣọ̀n yẹn, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì pé wọ́n máa dá a padà, kó o sì fi fóònù ya fọ́tò gbogbo ògiri àti sílíìnì lọ́jọ́ tó o bá wọlé. Béèrè bóyá gbèsè wà lórí mítà. Kó o ka ibi tí wọ́n kọ nótíìsì sí: ohun tí a mọ̀ ni pé ayálégbé ọdọọdún ń gba oṣù 6, lẹ́yìn náà nótíìsì ọjọ́ 7, kí wọ́n tó gbé e lọ sí kóòtù, àyàfi tí àdéhùn tó fọwọ́ sí bá sọ nǹkan mìíràn. Ọ̀pọ̀ àgírímẹ́ǹtì ló sì ń sọ nǹkan mìíràn.

Gba rìsíìtì. Rìsíìtì gidi tó ní orúkọ ẹ, àdírẹ́sì ilé, àti ọdún tó wà fún. Yàtọ̀ sí pé òun lo máa fi wá ilé tó kàn, láti January 2026 tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ayálégbé lè yọ 20% owó ilé tó san lọ́dún kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé, kó má ṣáà ti kọjá 500,000 náírà. Láìsí ẹ̀rí pé o san owó ilé, kí lo fẹ́ fi hàn wọ́n?

* * *

Kúkúrú ni ti NIN àti BVN. Ẹ̀dà NIN, fún wọn, àmọ́ fi bírò kọ ọ́ gba àárín ìwé náà kọjá pé "fún ilé yíyá nìkan" àti déètì, kó má baà di ohun tí ẹlòmíì máa fi ṣe nǹkan míì. BVN, má fún onílé, má fún éjẹ́ǹtì, má kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù kankan, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Bí fọ́ọ̀mù bá ní àyè fún un, fa ìlà sí i. Státímẹ́ǹtì báńkì náà, fi hàn wọ́n lórí fóònù ẹ bí wọ́n bá béèrè, oṣù mẹ́ta, kí wọ́n rí i pé owó ń wọlé lóṣooṣù láti orúkọ ilé iṣẹ́ kan náà tó wà nínú lẹ́tà. Kò pọn dandan kó o fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ wọn.

* * *

O ti wá dá mi lóhùn nípa Ìlọrin, mo dúpẹ́ pé o sọ òótọ́. O ní ẹ jà lórí owó iná, pé 18,500 ni bàbá náà pín fún ẹ, o rò pé ó ju ohun tó o lò lọ torí yàrá kejì ní fíríìjì ńlá, o ò san án, o kó ẹrù ẹ jáde ní ìdájí láìdágbére. O wá ń béèrè bóyá kí o lo nọ́ńbà ọ̀rẹ́ ẹ kan, kó dá ara ẹ̀ pè ní onílé bí bàbá Oníkólóbó bá pè.

Rárá o, àbúrò mi. Jọ̀ọ́. Bàbá Oníkólóbó lè mọ ẹnì kan ní Ìlọrin, ayé ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ìyẹn bá tú, láptọ́ọ̀pù ẹ àti lẹ́tà Jámánì àti ìwé owó orí, gbogbo ẹ̀ á di irọ́ lójú wọn, wọ́n á ní àwọn mọ̀.

Bóyá owó iná yẹn pọ̀ jù lóòótọ́, mi ò sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwọ ló jàre. San án. San gbogbo ẹ̀, 18,500 géérégé, má yọ kọ́bọ̀ kúrò, má sì dá àlàyé fíríìjì sílẹ̀ mọ́. Lẹ́tà bàbá yẹn níye lórí fún ẹ ju owó náà lọ fíìfíì. Bí wọ́n bá gba owó tí wọ́n ò sì fẹ́ kọ nǹkan, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣáà gbé fóònù bí ẹnì kan bá pè, kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti pé o padà wá san án. Bí wọ́n bá kọ ìyẹn náà, ìwọ fúnra ẹ lo máa sọ ọ́ fún bàbá Oníkólóbó lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, kó o sì mú rìsíìtì transfer náà dání. Mo ti gba ẹni tó sọ irú ẹ̀ fún mi sílé rí. Mi ò tíì gba ẹni tó fi irú ẹ̀ pamọ́ tí èmi fúnra mi wá wádìí ẹ̀ kàn rí.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè la wà yìí, àyè ṣì wà. Pe bàbá náà lónìí kí wọ́n tó lọ kírun Ìṣáí, àwọn àgbàlagbà kì í pẹ́ sùn. Má kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ kó o tó pè, ó máa dà bíi pé o ń ju owó lù wọ́n. Kí wọn, béèrè ará ilé, béèrè ẹsẹ̀ wọn tó o ní ó máa ń wú, bẹ̀ wọ́n pé o jáde láìdágbére, kó o tó wá ní kí wọ́n ka nọ́ńbà àkáǹtì wọn fún ẹ.